Ohùn Ẹ́ńjìnnì Tí Elétí Kò Gbọ́

Mẹkáníìkì alùpùpù kan wà tí tọmọdé tàgbà ń pè ní Elétí. Kì í ṣe pé etí rẹ̀ tóbi ju ti ẹlòmíràn lọ. Ohun tó sọ ọ́ lórúkọ ni pé kí ènìyàn tó gun alùpùpù dé iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, yóò ti mọ ohun tó ń ṣe é. Ó lè kọjú sí ògiri kó máa fọ girísì lọ́wọ́, kó sì sọ láìwẹ̀yìn pé ṣéènì yẹn ti dẹ̀, tàbí pé ẹni tó bá ọ fi táyà yẹn sí i kò dè é dáadáa. Onítọ̀hún á sọ̀ kalẹ̀, á wò ó, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni yóò sì rí. Sikurudáífà kékeré kan àti etí méjì tí Ọlọ́run fún un ló fi ń tún kabúrétọ̀ ṣe láti ìgbà tó ti kúrò lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀, irun rẹ̀ sì ti ń funfun lẹ́nu iṣẹ́ náà.

Nítorí náà, nígbà tí ọkùnrin kan ṣí ilé iṣẹ́ sẹ́yìn ibùdókọ̀, tó gbé ẹ̀rọ kan síbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní dáínò, Elétí ló kọ́kọ́ fi í rẹ́rìn-ín. Rólà irin ńlá kan ló wà nísàlẹ̀ ẹ̀rọ náà. Wọn á so alùpùpù mọ́ ọn pinpin, táyà ẹ̀yìn á máa sáré lórí rólà láìkúrò lójú kan, kọ̀ǹpútà á sì máa fi ìlà hàn bí agbára ẹ́ńjìnnì ṣe tó àti bí epo ṣe ń jó nínú rẹ̀. Ní ìpàdé ẹgbẹ́ àwọn mẹkáníìkì, Elétí dìde, ó ní ẹni tí kò gbọ́ èdè ọmọ ara rẹ̀ ló ń wá ògbufọ̀. Ẹ̀rín pa gbogbo ilé. Onídáínò náà bá wọn rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó jókòó.

Elétí àti ìyàwó rẹ̀ tó jẹ́ aránṣọ bí ọmọ obìnrin kan ṣoṣo. Ilé ìwòsàn ló ń bá ṣiṣẹ́. Òun ló ń gbé ẹ̀jẹ̀ àti oògùn lọ sí ilé ìwòsàn kékeré tó wà lórí òkè, níbi tí ọ̀nà mọ́tò ti tán tó ku ọ̀nà alùpùpù. Àwọn nọ́ọ̀sì orí òkè ló sọ ọ́ ní Àṣá, torí pé wọn kì í rí i títí yóò fi já lu àgbàlá wọn. Ṣùgbọ́n alùpùpù tó ń gùn kò yá bí àṣá rárá. Bí ó bá ti di ẹrù yìnyín àti oògùn sẹ́yìn, tó dé ibi tí òkè ti ga jù, ẹ́ńjìnnì á bẹ̀rẹ̀ sí í mí hẹlẹhẹlẹ bí arúgbó. Ó tó ọjọ́ mélòó kan tó sọ̀ kalẹ̀ tó ń tì í. Àpáta wà lápá kan ọ̀nà náà, ọ̀gbun wà lápá kejì, òkúta wẹ́wẹ́ ló sì kún àárín.

Èyí kò dùn mọ́ bàbá rẹ̀ nínú. Ó ní òun ò ní máa tún alùpùpù ayé ṣe kí ọmọ òun máa ti tirẹ̀. Ó tú ẹ́ńjìnnì náà palẹ̀. Ó gbé bulọ́ọ̀kù rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń fi ẹ̀rọ gbẹ́ irin, wọ́n fẹ inú rẹ̀ sí i, ó ki písítìn tó tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ sínú rẹ̀. Ó yọ kabúrétọ̀, ó fi ti alùpùpù ńlá sí i. Ó pààrọ̀ sálẹ́ńsà. Nígbà tó ta á, ó bú bí ẹkùn, inú Elétí sì dùn débi pé ó ń kọrin sínú.

Ibẹ̀ ló wà tí Ìyá Onísípíà, obìnrin tó ń ta páàtì alùpùpù lódìkejì ọ̀nà, fi dìde lórí àga rẹ̀ tó wá bá a. Ó béèrè pé kí ni nǹkan tó ń dún ṣẹ́rẹ́ṣẹ́rẹ́ bí ìṣó wẹ́wẹ́ nínú agolo yẹn, nígbàkigbà tí Elétí bá fún un níná gan-an.

Elétí tún fún un níná. Ó tẹ́tí. Ohùn tó ń dún bùùù nìkan ló gbọ́.

Ó ní, "Àṣé èyí lẹ ń sọ? Irin tuntun ló ń bá ara wọn mọra. Á fi í sílẹ̀."

Ìyá Onísípíà ní ó dáa, ó padà sí ìdí ọjà rẹ̀. Ṣùgbọ́n Elétí mọ ohun tó ṣe. Irọ́ ló pa. Kò gbọ́ ìṣó, kò gbọ́ agolo.

Láti ọjọ́ náà ni ọkàn rẹ̀ kò ti balẹ̀ mọ́. Ó lọ dúró sẹ́yìn ìyàwó rẹ̀ níbi tó ti ń ránṣọ. Ó gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n kò gbọ́ abẹ́rẹ́. Ìyàwó rẹ̀ béèrè ohun tó ń wá, ó ní òun ò wá nǹkan kan. Ó lọ sójú fèrèsé. Ẹyẹ kékeré kan bà lé ẹ̀ka igi níwájú rẹ̀ gan-an, ó ń ṣí ẹnu, ó ń pa á dé, ọ̀fun rẹ̀ ń gbọ̀n. Elétí wò ó títí. Ó dà bí ẹni tó ń wo ẹja nínú omi. Nígbà tí ẹyẹ náà fò lọ, ó pa fèrèsé náà dé.

Ohun tó ń bà á lẹ́rù kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹyẹ. Ó mọ ohun tí ìró tí Ìyá Onísípíà gbọ́ túmọ̀ sí. Bí epo tó ń wọ ẹ́ńjìnnì kò bá tó, tàbí bí iná pílọ́ọ̀gì bá ń tètè ṣẹ́ jù, epo á máa bú gbàù ní àìtó àkókò, á máa lu písítìn lórí. Ìró náà kì í le, ó máa ń tín-ínrín ni. Ṣùgbọ́n bó bá pẹ́, písítìn á lu, ẹ́ńjìnnì á há pa, táyà ẹ̀yìn á dúró gbagidi lójijì. Lójú ọ̀nà tó tẹ́jú, ènìyàn lè ṣubú kó dìde. Lójú ọ̀nà òkè tí Àṣá ń gbà, ọ̀gbun ló wà níbẹ̀.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ojú wá ohun tí etí kò gbọ́. Ó yọ pílọ́ọ̀gì, ó rí i pé ẹnu rẹ̀ funfun bí eérú, àmì pé epo kò tó. Ó fẹ ihò tí epo ń gbà nínú kabúrétọ̀. Ó tún yọ pílọ́ọ̀gì, ó ti dúdú bí ìdí ìkòkò, alùpùpù sì ń wọ́ ẹsẹ̀. Ó dín in kù díẹ̀, ó tún fi kún un díẹ̀. Ní àdúgbò, tó bá gùn ún lọ gùn ún bọ̀, kò sí ohun tó ṣe é. Ṣùgbọ́n àdúgbò kì í ṣe òkè, òun nìkan kì í sì í ṣe òun pẹ̀lú àpótí yìnyín lẹ́yìn. Kò mọ ibi tó dé. Ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ.

Àṣá ń béèrè alùpùpù rẹ̀. Èyí tó yá lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ kì í fẹ́ ta láàárọ̀. Lónìí bàbá rẹ̀ á ní ó ku síkúrúù kan, lọ́la á ní òun ń retí páàtì. Ìyàwó rẹ̀ kíyè sí i pé kì í jẹun tán mọ́, pé bí àwọn bá ń sọ̀rọ̀, ẹnu àwọn ló máa ń wò. Ó bi í bóyá ara rẹ̀ ò yá. Ó ní ara òun le. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́: Elétí mọ òwe náà, òun fúnra rẹ̀ sì máa ń pa á fún àwọn oníbàárà tí kì í tètè gbé alùpùpù wá. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ sọ fún? Kí ni wọn yóò máa pe Elétí tí kò gbọ́ràn mọ́?

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan ó lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń gbẹ́ irin, kí ó lè bi í bóyá àwọn lè yọ písítìn ńlá náà kí àwọn dá ti àtijọ́ padà. Onítọ̀hún ní bulọ́ọ̀kù tí a ti fẹ̀ kì í súnkì mọ́. Elétí padà sí ṣọ́ọ̀bù. Ó wo ibi tó gbé alùpùpù Àṣá sí. Àyè rẹ̀ ló rí, àti ẹ̀kán epo kan nílẹ̀.

Ìyá Onísípíà ló sọ fún un. Ó ní wọ́n pe Àṣá láti ilé ìwòsàn pé obìnrin kan bímọ lórí òkè, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò dá. Èyí tó yá kò ta. Ó sáré wá, ó gbé tirẹ̀.

"Mo ní kó dúró dè yín," ni Ìyá Onísípíà wí. "Ó ní ẹ̀jẹ̀ tó ń dà kì í dúró de ènìyàn."

 Elétí ní kó yá òun ní alùpùpù kékeré tó fi ń kó ọjà. Kò tiẹ̀ dúró gbọ́ bóyá ó gbà.

Ẹni tí kò bá tíì wá ọmọ rẹ̀ lójú ọ̀nà òkè kò lè mọ bí kọ́nà ọ̀nà ṣe ń pọ̀ tó. Ní kọ́nà kọ̀ọ̀kan, kó tó yí i, ó ti rí alùpùpù tó dojú dé nínú ọkàn rẹ̀. Bó bá yí i, tí kò rí nǹkan kan, ìyẹn náà kò fún un nísinmi, nítorí pé ohun tó bá ti bọ́ sí ọ̀gbun kì í hàn lójú ọ̀nà. Níbi kan, ó rí ipa táyà dúdú tó fà gbọọrọ lọ sí etí ọ̀nà. Ó dúró. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó lọ yọjú sí ìsàlẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ń wá ohun tó lè dì mú. Nǹkan kan ń dán yinrin láàárín igbó. Ó wò ó títí ojú rẹ̀ fi gbà á gbọ́: páànù àlòkù ni. Ipa táyà náà sì ti pẹ́, eruku ti bò ó. Ó padà sórí alùpùpù, ó ta á lẹ́ẹ̀kan kò ta, ó ta á lẹ́ẹ̀kejì, ó ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá alájọgbé rẹ̀ jà.

Nígbà tó wọ àgbàlá ilé ìwòsàn orí òkè, ó rí alùpùpù náà tí wọ́n fi ti ògiri. Àṣá jókòó sórí àtẹ̀gùn, akoto rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń mu omi. Wọ́n ti fa ẹ̀jẹ̀ náà sí obìnrin yẹn lára. Ọmọ tuntun kan ń ké nínú ilé. Ẹnu tó ń ṣí ni Elétí fi mọ̀, láti ojú ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀.

Àṣá dìde. Ó béèrè ohun tó gbé bàbá rẹ̀ débẹ̀.  Elétí bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì, ó na ọwọ́ sí bulọ́ọ̀kù láìfọwọ́ kàn án. Ooru rẹ̀ ń ta á lójú.

"Ó fẹ́ dá mi dúró," ni Àṣá wí. "Nígbà tí mo dé ibi tó ga jù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dún ṣẹ́rẹ́ṣẹ́rẹ́. Mo dín iná kù, mo jù ú sí jíà kejì, mo wá rọra ń gùn ún. Bàbá, ṣé ẹ ò gbọ́ ọ nígbà tí ẹ ń tún un ṣe ni?"

Elétí wo ọwọ́ ara rẹ̀.

"Mi ò gbọ́ ọ," ló wí. "Kì í sì í ṣe ọjọ́ yẹn nìkan. Mi ò gbọ́ irú ìró bẹ́ẹ̀ mọ́."

"Láti ìgbà wo?"

"Ẹni tí kò gbọ́, báwo ló ṣe máa mọ ìgbà tí òun ò gbọ́ mọ́?"

Àṣá kò rẹ́rìn-ín, kò sì sunkún. Ó fa bàbá rẹ̀ dìde, wọ́n jókòó sórí àtẹ̀gùn. Ó ní kí àwọn gbé alùpùpù náà lọ sórí rólà Onídáínò. Elétí ní ọkùnrin yẹn á fi òun ṣe yẹ̀yẹ́, pé gbogbo ẹgbẹ́ ló máa gbọ́.

"Ẹ jẹ́ kó fi yín ṣe yẹ̀yẹ́," ni Àṣá wí. "Èmi ni mò ń gùn ún."

Ọ̀rọ̀ tán. Nígbà tí wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀, Elétí ní kí ọmọ rẹ̀ gun kékeré, òun á gun ńlá. Bí wọ́n ṣe ń lọ díẹ̀díẹ̀ nìyẹn, ọmọ níwájú, bàbá lẹ́yìn, títí wọ́n fi dé ìsàlẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì, Elétí dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé iṣẹ́ Onídáínò bí ọmọ tí wọ́n ní kó wá gba ẹgba. Ó ti ṣe tán láti gbọ́ ọ̀rọ̀ ìwọ̀sí. Kò gbọ́ ọ. Onídáínò kí i, ó kúnlẹ̀ ti alùpùpù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀: báwo ni písítìn yẹn ṣe tóbi tó, ara alùpùpù wo ni kabúrétọ̀ ti wá, irú epo wo ló ń mu. Elétí ń dáhùn bí ẹni tó gbé aláìsàn wá. Ó sọ ọ̀rọ̀ etí rẹ̀ náà fún un, ojú rẹ̀ nílẹ̀.  Onídáínò na ìbòtí kan tó ń dí ariwo sí i, ó na òmíràn sí Àṣá, ó wọ tirẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá fọwọ́ kan etí òsì ara rẹ̀, ó mi orí pé ìyẹn náà kò pé mọ́.

Wọ́n so alùpùpù náà mọ́lẹ̀. Rólà bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Onídáínò ń fún un níná díẹ̀díẹ̀, ilé ń gbọ̀n, sálẹ́ńsà ń pọ́n. Elétí ń wo okùn tó so táyà iwájú, ó ń retí pé kó já. Ó ń wo bulọ́ọ̀kù, ó ń retí pé kó fọ́. Ó fẹ́ kígbe pé ó tó, ṣùgbọ́n kó tó la ẹnu, Onídáínò ti pa iná lójijì.

Ó pè wọ́n sídìí kọ̀ǹpútà. Ìlà kan ń gòkè lọ, ìyẹn ni agbára. Ìlà kejì ni ti epo. Ó dúró dáadáa ní ìbẹ̀rẹ̀, ó dúró dáadáa láàárín, ṣùgbọ́n níbi tí ẹ́ńjìnnì ti ń fi gbogbo ara ṣiṣẹ́, ó ṣí kúrò lójú ọ̀nà. Epo kò tó níbẹ̀, iná pílọ́ọ̀gì sì ń tètè ṣẹ́ jù fún písítìn tó tóbi tó bẹ́ẹ̀.

"Bó bá jẹ́ pé kò dín iná kù lánàá," ni Onídáínò wí, "mi ò mọ̀ bóyá ì bá dé òkè."

Elétí wá àpótí kan jókòó lé. Àṣá gbé ọwọ́ lé e léjìká, kò gbé e kúrò.

Nígbà tí ẹ̀mí rẹ̀ balẹ̀ díẹ̀, ó béèrè ohun tó ti wà nínú rẹ̀ látìgbà tó ti wọlé. Ó ní ṣé gbogbo ẹ́ńjìnnì tí mẹkáníìkì bá fọwọ́ kàn ló gbọ́dọ̀ wá sórí rólà yìí?

"Rárá o," ni Onídáínò wí. "Bí ẹ bá pààrọ̀ sálẹ́ńsà nìkan, pílọ́ọ̀gì á sọ fún yín bó ṣe rí. Mi ò ní purọ́ torí kí n lè rí iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì tí a ti là nínú, tí a fi ohun tí kò bá a wáyé sínú rẹ̀, kò sẹ́ni tó mọ bó ṣe yẹ kó jẹun mọ́, àtẹni tó ṣe é tẹ́lẹ̀, àtẹni tó tún un ṣe. Irú ìyẹn, ẹ jẹ́ ká wọ̀n ọ́n. Pàápàá bó bá máa gbé ènìyàn gba etí ọ̀gbun."

Elétí fẹ́ bẹ̀ ẹ́ nítorí ọ̀rọ̀ tó sọ ní ìpàdé. Ọkùnrin náà juwọ́ pé kó fi ìyẹn sílẹ̀, ó na sikurudáífà sí i, ó ní òun lè rí ohun tó ń ṣe kabúrétọ̀ náà lójú kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n òun ò mọ inú rẹ̀ tó ẹni tó gbé e síbẹ̀. Bí wọ́n ṣe jọ ṣe é nìyẹn. Elétí á tú u, á pààrọ̀ ihò epo, á dá iná pílọ́ọ̀gì padà sẹ́yìn díẹ̀. Onídáínò á gùn ún lórí rólà, á pè é wá wo ìlà. Gbogbo ìgbà tí rólà bá ń yí ni Elétí tún máa ń wo okùn tó so táyà iwájú bóyá yóò já. Òòrùn ti ń wọ̀ nígbà tí ìlà epo wá dúró gbọọrọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Agbára tó ga jù tí ẹ́ńjìnnì náà lè mú wá kò pọ̀ tó ti àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n èyí tó wà láàárín ìlà pọ̀ sí i, ìyẹn sì ni alùpùpù ń lò láti gun òkè.

Ní ìrìn àjò àkọ́kọ́ tí Àṣá rìn lẹ́yìn náà, bàbá rẹ̀ sìn ín dé ìsàlẹ̀ òkè, ó dúró síbẹ̀. Kò jókòó. Ó ka òkúta ẹ̀bá ọ̀nà títí ó fi sú u. Nígbà tí ọmọ náà padà wá, ó ní kò dún rárá, ó gùn ún bí ẹni gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Elétí ní kó tún un sọ, ó sọ ọ́, ó ní kó tún un sọ.

Ìyàwó rẹ̀ ló mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà etí. Dókítà ní ariwo iṣẹ́ ló jẹ ẹ́, pé èyí tó ti lọ kò ní padà, ó sì fún un ní ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń ki sí etí méjèèjì. Ní ọjọ́ tó kọ́kọ́ lò ó, ó ní ìgbálẹ̀ ń dún bí ìjì, ó yọ ọ́. Ó ń kọ́ ọ díẹ̀díẹ̀. Ó sọ fún àwọn oníbàárà rẹ̀ láìfi ohunkóhun pamọ́. Àwọn kan kò padà wá mọ́, àwọn kan dúró tì í. Ìyá Onísípíà ní kí wọ́n ṣì máa pè é ní Elétí, pé nísinsìnyí ló wá ní etí mẹ́rin. Bí wọ́n bá gbé ẹ́ńjìnnì wá pé kó là á nínú kó fẹ̀ ẹ́, ohun tó kọ́kọ́ máa ń bi wọ́n ni ọ̀nà tí wọ́n fẹ́ gbé e gbà.

Ṣùgbọ́n bí Àṣá bá ti di àpótí yìnyín mọ́ ẹ̀yìn alùpùpù, Elétí kì í lè fọwọ́ kan síkúrúù kékeré mọ́ títí tí yóò fi pè é láti òkè. Á máa to sípánà tí ó ti tò tẹ́lẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ní kí ló tún kù, ṣebí wọ́n ti wọn ẹ́ńjìnnì náà. Elétí ní bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n ti wọn ẹ́ńjìnnì, ọkàn òun ni wọn kò wọ̀n.